Òǹtẹ̀ Kọkànlá

Erékùṣù Hazejima,
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 2014

Chizuru ọmọ mi,

Báwo ni Tókíò? Òtútù ti ń yọ́ wọlé níbí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi le. Eyín mi ku mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì tó ẹja gbígbẹ jẹ. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí tádàwà lò ń mu?

Ìtàn rẹ tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde lójoojúmọ́, Ọkọ̀ Ọ̀sán, ti wọ gbogbo ilé àdúgbò wa. Èmi ni mo mú un wọ̀ ọ́. Èmi ni olórí àdúgbò lọ́dún yìí, ọwọ́ mi ni pátákó ìkéde tó ń lọ láti ilé dé ilé wà. Mo wò ó pé, kí ni àwọn èèyàn ń rí kà lórí ẹ̀ gan-an? Ọjọ́ tí wọ́n máa gbálẹ̀ etí òkun, ológbò ta ló sọnù. Ni mo bá ń gé ìtàn rẹ, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń lọ: ilé mọ́kànlá, ẹni tó bá kà á tán á tẹ òǹtẹ̀ sí àyè tirẹ̀, á wá gbé e fún ilé tó kàn. Ẹni tí kò bá tíì tẹ òǹtẹ̀ kò lè gbé e kúrò nílé. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ o, wọ́n kọ̀ o, wọ́n ń kà ọ́.

Wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Magobe ti wá síbí láàárọ̀ kùtù, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. "Tokuzo, kí ló dé tí ọmọ rẹ fi fún apẹja inú ìtàn yẹn ní irun kíká? Ta ni kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni mo ká irun láyé mi!" Mo ní kó lọ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó jókòó, ó jẹ ọsàn mẹ́rin, ó lọ. Ti Kiyo aṣerunlóge ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tóun ti kúrò nílé ìwé lòun ò ti ka ìwé kankan tán, ojú òun ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n nítorí òǹtẹ̀, òun ti lọ ra awò ojú.

Mo fi ọsàn àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́, mo sì fi ìwé orí pátákó ti ọ̀sẹ̀ kìíní sí i, kó o lè rí òǹtẹ̀ àwọn èèyàn rẹ. Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé? Ọdún keje rèé o. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń ná ibí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nishigaki Tokuzo


Tókíò,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú iṣẹ́ olórí àdúgbò tí ẹ fi ń bà mí láyé jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò lórí pátákó! Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo wà tí mo ti sá kúrò ní erékùṣù yẹn, kí n lè ṣe nǹkan kan láyé kí ilé mọ́kànlá má gbọ́ sí i. Ẹ wá gbé mi lọ fún wọn sẹ́nu ọ̀nà! Ẹ bá mi sọ fún bàbá Magobe pé apẹja yẹn kì í ṣe àwọn. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́.

Mò ń jẹun. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jókòó sí ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń bu kọfí síni títí èèyàn á fi ní ó tó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ìwé mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ rò pé agbowó-orí ni mí. Ọ̀gbẹ́ni Hatakenaka, olóòtú mi, ń pè lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kì í béèrè àlàáfíà, "Abala ti ọ̀la dà?" ló máa ń wí. Ṣé ẹ rántí ọdún tó kọjá tí wọ́n dárúkọ mi mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn? Bí àṣà ibí, gbogbo wa jókòó sílé ọtí, à ń dúró de ìpè àwọn onídàájọ́. Fóònù dún, gbogbo ilé dìde dúró. Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ṣé ẹja gbígbẹ ti dé ọwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Mo ka òǹtẹ̀ orí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Mẹ́wàá ni. Àyè kọkànlá ṣófo, tiyín sì ni. Bàbá Magobe tó ń bínú tẹ òǹtẹ̀, màmá Kiyo tí kò ríran tẹ òǹtẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ ò tíì sọ gbólóhùn kan fún mi rí nípa ìwé kankan, yálà ó dáa tàbí kò dáa. Ṣé ẹ̀yin ń kà mí ṣá?

Ọmọ yín,
Chizuru


Hazejima,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá

Chizuru ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ohùn rẹ le nínú ẹ̀, mo bá gbé e síwájú fọ́tò màmá rẹ lórí pẹpẹ, kó bá mi gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Mo yọ ìtàn rẹ kúrò lórí pátákó lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò tíì tó aago méje àárọ̀ tí ìyá ilé kẹta fi kan ilẹ̀kùn mi. "Olórí, ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní irú olórí wo wá nìyí. Mo yáa dá a padà.

Ní ti òǹtẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbàgbé ni.

Chizuru, mi ò kì í sábà bẹ̀ ọ́. Ìyá ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán láti ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Jẹ́ kára ẹ̀ yá. Ṣebí ìwọ lo ni kálàmù? Gbé e lọ síbi omi gbígbóná orí òkè, kó lọ sinmi, kó wẹ̀, kó jẹ ẹyin sísè. Tí kò bá sì ṣeé ṣe, tó jẹ́ pé dandan ni kó kú, má kọ ọjọ́ yẹn. Fò ó. Àwọn òǹkàwé ò ní bi ọ́.

Irun Magobe ti hu funfun báyìí o, kò sí kíká kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ.

Bàbá rẹ


Tókíò,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun fún ẹja. Ẹ sì ṣeun tí ẹ fi lẹ́tà mi han Màmá.

Ẹ ní kí n fo ọjọ́ yẹn. Mi ò lè fò ó. Látorí ìwé mi àkọ́kọ́, Òkúta Funfun, títí dé èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, ọjọ́ kan náà ni mò ń yí ká, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ìwé ìròyìn ló wá fún mi láyè láti kọ ọ́ tán pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ ọ̀sán ni mo ní mo máa bá wá lọ́jọ́ náà, nínú oṣù kejì, 1995. Ara mi ò balẹ̀, mo wọ ọkọ̀ àárọ̀. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù màmá Kiyo kọjá, mo wo inú fèrèsé. Ẹ̀yin ni mo rí. Ẹ jókòó sídìí ọpọ́n ayò tí àwọn oníbàárà fi ń najú níbẹ̀, òkúta funfun tí wọ́n fi ń ta á wà lọ́wọ́ yín. Mo sáré gun òkè lọ sílé. Màmá nìkan ló wà nílé, wọ́n sì ti kú. Wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun tí mo rí ni mo kọ nígbà náà. Òun náà ni mo máa kọ báyìí. Mi ò kọ ọ́ láti fi bú yín. Ó ń dùn mí ni, ogún ọdún ló ti ń dùn mí, ẹ ò sì fìgbà kan la ẹnu yín. Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé, "Chizuru, mo ṣì í ṣe," ì bá ti parí.

Abala ọ̀hún máa jáde lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti mọ̀ kí pátákó tó mọ̀.

Chizuru


Hazejima,
Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá

Chizuru,

Ohun tí ojú rẹ rí ni kó o kọ. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Mo fi ẹja ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n wé sínú bébà ofeefee ni kó o kọ́kọ́ jẹ.

Bàbá rẹ


Tókíò,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 2015

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Káàdì ọdún tuntun tiyín kò dé. Káàdì oníṣègùn eyín mi dé, ti ilé ìfọṣọ dé, tiyín nìkan ni mi ò rí. Ọdún àkọ́kọ́ rèé.

Abala yẹn ti jáde. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé wá, inú olóòtú mi ń dùn. Inú tèmi ò dùn. Mo tẹ̀ yín láago lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ò gbé e. Ẹ ṣì ń jẹun, àbí? Ẹ dá mi lóhùn.

Chizuru


Tókíò,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo pe ṣọ́ọ̀bù tó wà ní èbúté. Wọ́n ní ara yín le, pé lánàá ẹ bá oníṣòwò ẹja kan fa ọ̀rọ̀ títí ó fi sunkún. Mo dúpẹ́. Èmi nìkan wá ni ẹ ò bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìwé orí pátákó ò dé láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi lójú ìwé. Ẹ bú mi pàápàá. Mo lè fara da èébú, mi ò lè fara da kẹ́ ẹ dákẹ́ báyìí. Mi ò lè kọ nǹkan kan. Hatakenaka ń pè, mò ń purọ́ fún un pé mo lárùn ọ̀fìnkìn.

Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù yín nítorí ìtàn.

Chizuru


Hazejima,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kìíní

Chizuru,

Mi ò bínú. Fóònù yẹn ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, mo sì gbàdùn bó ṣe dákẹ́. Káàdì ọdún ni mi ò mọ ohun tí mo máa kọ sí i. Mo kọ mẹ́ta, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀dọ̀ Kiyo ni pátákó há sí. Ó gbé e pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò jẹ́ kó dé ilé tó kàn. Mo lọ bá a gẹ́gẹ́ bí olórí àdúgbò, ó lé mi jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Lánàá ló tó gbé e jáde. Ó kọ nǹkan sí etí ìwé náà. Èmi ò rán an. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ti kúrò lórí pátákó, bó ṣe rí ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi èyí ránṣẹ́.

Bàbá rẹ


(Ohun tí wọ́n fi gègé kọ yí etí abala ìwé ìròyìn náà ká)

Chizuru, Kiyo ni o. Ọwọ́ mi ò dáa nínú ìwé kíkọ, fara dà á. Kì í ṣe bó ṣe rí lo kọ yìí.

Òótọ́ ni pé bàbá rẹ jókòó sídìí ọpọ́n ayò lọ́dọ̀ mi. Èmi ló wá pè. Màmá rẹ ló rán an. Oògùn ọsibítù ti re irun orí rẹ̀, ó ku ṣákaṣàka. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀sán, òun ò fẹ́ kó bá òun báyẹn, kí n wá bá òun gé e, kí n tò ó. Ó ní kí bàbá rẹ má padà wálé láìmú mi dání. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi ń ká irun wà lórí Magobe lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, awọ orí ẹ̀ á bó. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Bàbá rẹ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Magobe ló ti òkúta ayò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gbé òkúta sójú kan náà. Kò rí ọpọ́n yẹn rárá. Ìgbà yẹn lo gba ojú fèrèsé kọjá.

Èmi ni mo to irun màmá rẹ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó gbé e sí pósí.

Mi ò mọ̀ pé o ti kọ ọ́ sínú ìwé kan látijọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti ra awò ojú tipẹ́. Mo tẹ òǹtẹ̀ mi. Ó túmọ̀ sí pé mo kà á, kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni.

(Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké)

Òótọ́ ni Kiyo sọ. Èmi ni mo nírun kíká. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ká a mọ́. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Magobe.


Tókíò,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Bàbá mi,

Ilé oúnjẹ yẹn ni mo ti kà á. Mo sunkún débi pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ gbé àkàrà òyìnbó fún mi, ó ní, "Màmá, owó-orí ò tó nǹkan tá a ń sunkún sí." Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún bú sẹ́kún.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Mo fi yín sínú ìwé, mo gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀, wọ́n gbé fọ́tò mi sójú pátákó ibùdókọ̀. Gbogbo òǹkàwé kà á pé ẹ lọ ta ayò nígbà tí ìyàwó yín ń kú lọ. Ẹ jókòó, ẹ ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Ogún ọdún! Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè sọ.

Mo sì ń rántí irun Màmá nínú pósí. Mo rí i pé ó tò rẹ́gí, ó yà mí lẹ́nu, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ó ku abala méjìlélọ́gbọ̀n kí ìtàn yìí parí. Bẹ́ ẹ bá gbà fún mi, mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, mo máa pa á tì síbẹ̀ pátápátá, kí Hatakenaka ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe.

Chizuru


Hazejima,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì

Chizuru ọmọ mi,

Nu omijé rẹ nù. Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Màmá rẹ ló ní kí n má sọ. Bí mo ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ní, "Má jẹ́ kí Chizuru gbọ́ pé mo ní kí wọ́n wá tún mi ṣe o. Ọmọ yẹn ò lè gbọ́ nǹkan kó má kọ ọ́ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn láyé nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ da ọ̀rọ̀ náà nù?

Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí ìwé rẹ gba ẹ̀bùn, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire lébùúté, inú mi ń dùn, ó sì ń dùn mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ka ìwé rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tí obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á.

O bi mí nípa òǹtẹ̀. Mi ò gbàgbé, irọ́ ni mo pa. Òǹtẹ̀ olórí ló máa ń kẹ́yìn. Tirẹ̀ ló ń sọ pé ohun tó wà lórí pátákó tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti abala kìíní ni mo ti mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ yẹn ń gbé ọmọbìnrin náà lọ. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Mo wá fi àyè mi sílẹ̀.

O ní ṣé kó o kọ ọ́. Màmá rẹ ní kí èmi má sọ. Kò ní kí Kiyo má sọ. Síbẹ̀, mo bi í léèrè níwájú pẹpẹ lánàá. Ó dákẹ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: tó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Tó bá kọ̀ ni, etí òkun ni wọ́n á ti gbọ́.

Irun rẹ̀ ni kó o kọ dáadáa. Ohun tó fẹ́ kó o rí nìyẹn.

Bàbá rẹ


Tókíò,
Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ti fi abala ìkẹyìn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹjọ ló máa jáde. Mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, ẹ lọ gé e bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkànlélógún, ká jọ lọ fọ ibojì Màmá. Ọkọ̀ ọ̀sán ni mo máa wọ̀. Mo ṣèlérí, mi ò ní tètè dé.

Ọmọ yín,
Chizuru


Hazejima,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta

Chizuru ọmọ mi,

Ọsàn ti tán lórí igi, má retí rẹ̀. Kiyo ní òun ò ní gba oníbàárà kankan lọ́jọ́ kọkànlélógún, pàápàá jù lọ Magobe. Ó ní tó o bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni kó o kọ́kọ́ yà, òun ti rí fọ́tò rẹ nínú ìwé ìròyìn, irun rẹ ò dáa tó.

Abala ìkẹyìn jáde. Mi ò tètè gbé e sórí pátákó. Mo kọ́kọ́ jókòó níwájú màmá rẹ, mo kà á sókè fún un, tọkọtaya inú ìtàn, aṣerunlóge tó gun òkè wá, àti irun tó tò títí ó fi rẹwà. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kó lọ ká àdúgbò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ká ilé mẹ́wàá. Wọ́n ń sáré gbé e fúnra wọn.

Mo fi ìwé náà sínú àpòòwé yìí. Wo àyè kọkànlá. Mo tẹ òǹtẹ̀ mi síbẹ̀. Mo tún wá òǹtẹ̀ màmá rẹ kàn nínú àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀, èyí kékeré tó fi máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ onílẹ́tà. Tádàwà rẹ̀ ti gbẹ, mo mí sí i títí ó fi rọ̀. Mo tẹ tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Bàbá rẹ